Ológbò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Bí Ilà Méjì Ṣe Di Ìdájọ́ Ikú, àti Bí Wọ́n Ṣe Yí I Padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, a kí yín náà. Gbogbo ohun tí a sọ lẹ ó bá níbí.

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan japa lọ sí Kánádà. Ó ta fíríìjì, ó ta jẹnẹrétọ̀, ó kó tẹlifíṣọ̀n fún àbúrò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbà ni ológbò rẹ̀. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Akọ ni o. Orúkọ olórin yẹn ni ọ̀rẹ́ mi fún un. Ọmọ ọdún méje ni. Etí rẹ̀ òsì ti ya níbi ìjà àtijọ́ kan, kò sì fẹ́ kí àlejò sún mọ́ òun. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ó sáré wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí n tó rí ojú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, dókítà ẹranko kan wá wò ó nílé. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó kán an sórí ohun àyẹ̀wò kékeré kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò, a sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilà méjì yọ. Dókítà ní, "Ó ní FIV." Mo ní kí nìyẹn. Ó ní, "Ó dà bíi HIV, ṣùgbọ́n ti ológbò ni. Kò lè ran èèyàn." Ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì nígbà tó sọ gbólóhùn kan tí kò kúrò lọ́kàn mi: "Tó bá jẹ́ láyé ọjọ́un ni, wọn ì bá ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ ká pa á."

Màmá mi gbọ́, wọ́n pè mí lórí WhatsApp. "Ológbò? Ológbò kọ́, ológìnní ni! Ìwọ tí ò ń ra ìrẹsì ní kóńgò, o fẹ́ máa sanwó dókítà fún ẹran?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ìyá onílé wa náà sọ tiwọn nínú ọgbà: "Ológbò tí kì í jáde lọ́sàn-án, kí ló ń ṣe lóru?" Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ń ro ọjà tí mo lè gbé e lọ jù sílẹ̀ sí. Kò yọjú, kò bá mi ṣeré, ó tún ṣàìsàn. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín "ẹ jẹ́ ká pa á" ti ọjọ́un àti "ẹ máa tọ́jú ẹ̀" ti òde òní? Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn. Ohun tí mo rí lẹ fẹ́ gbọ́ yìí.

Nígbà tí ológbò ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó dàgbà sílé tí ológbò wà, èkúté ló gbé e débẹ̀. Ológbò ń pa eku, a ń ju egungun ẹja sí i, kálukú ń lọ. Àdéhùn iṣẹ́ ni. Bí ológbò bá dàgbà tàbí tó ń ṣàìsàn, àdéhùn ti tán nìyẹn.

Kò yàtọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1860, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby dá ilé kan sílẹ̀ ní Holloway, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn ẹran ìgboro tí ebi ń pa. Ajá nìkan ni wọ́n ń gbà o. Ilé náà kó lọ sí Battersea ní 1871, orúkọ àdúgbò yẹn ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ó di 1883, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ti ajá, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ológbò.

Ní 1871 kan náà, Harrison Weir ṣe ìfihàn ológbò ńlá kan ní Crystal Palace, níbi tí àwọn èèyàn ti sanwó láti wo ológbò bí ohun ẹlẹ́wà. Ní 1927, wọ́n dá Cats Protection League sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti ológbò nìkan. Díẹ̀díẹ̀, ológbò ń kúrò ní òṣìṣẹ́, ó ń di ọmọ ilé.

Ohun tó wá tì í wọ inú ilé pátápátá jẹ́ ohun tí ẹ ò ní rò: ìgbẹ́. Ilé tí kò ní ibi tí ológbò máa yàgbẹ́ sí, ìta ni ológbò ibẹ̀ máa ń sùn. Yanrìn tàbí eérú ni wọ́n ń lò nígbà yẹn fún ológbò tó bá wà nínú ilé, eérú a sì kún gbogbo ilẹ̀. Ní 1947, ní Cassopolis ní ìpínlẹ̀ Michigan, aládùúgbò kan wá bẹ Ed Lowe fún yanrìn, torí òtútù ti mú kí tiẹ̀ dì gbagidi. Amọ̀ gbígbẹ kan tó ń fa omi mu ni Ed Lowe bù fún un. Obìnrin náà padà wá bù sí i. Ed Lowe kó amọ̀ náà sínú àpò, ó kọ Kitty Litter sí i lára, ó sì di olówó.

Kí ló kan ìtàn wa? Ológbò tó ń gbé inú ilé tọ̀sán-tòru, èèyàn á mọ̀ bí kò bá jẹun. Èèyàn á mọ̀ bí kò bá tọ̀. Àìsàn tí ológbò ìta máa ń gbé lọ kú sínú igbó, ó wá di ohun tí onílé ń fojú rí. Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ológbò lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Glasgow, 1964

Ní ìlú Glasgow, ní Scotland, ilé kan wà tí ológbò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ní jẹjẹrẹ, èkejì ní in, ẹ̀kẹta náà tún ní in. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ William Jarrett, dókítà ẹranko ní Yunifásítì Glasgow. Èrò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ni pé jẹjẹrẹ kì í ràn. Jarrett wo ti ilé yìí, ó ní èyí ń ràn o. Ní 1964, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kòkòrò tó ń fà á. FeLV ni wọ́n ń pè é lónìí.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1973, William Hardy ní New York ṣe àyẹ̀wò kan tó lè fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mọ ológbò tó ní kòkòrò náà. Ìlànà kan jáde: yẹ gbogbo wọn wò, yọ èyí tó ní in kúrò láàárín àwọn tó kù. Ìlànà náà ṣiṣẹ́, àìsàn náà dín kù nínú àwọn ilé tí ológbò pọ̀ sí. Àmọ́ ta ló fẹ́ gba ológbò tí wọ́n yọ? Nítorí náà, "yọ ọ́" sábà máa ń túmọ̀ sí "pa á", kódà bí ara rẹ̀ bá ṣì le koko lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mi ò bú wọn. FeLV ń ràn nípasẹ̀ itọ́: kí ológbò méjì máa lá ara wọn, kí wọ́n máa jẹun nínú abọ́ kan náà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ títí di 1985. Bí èèyàn bá ní ológbò ogún nílé, kí ló fẹ́ ṣe? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àṣà náà ti mọ́ àwọn èèyàn lára: ilà yọ, ó parí. Nígbà tí kòkòrò mìíràn dé, tí ìwà rẹ̀ ò jọ ti àkọ́kọ́ rárá, ìdájọ́ kan náà ni wọ́n fi bá a.

Petaluma, 1986

Petaluma jẹ́ ìlú kékeré kan lápá àríwá San Francisco. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti ń kó ológbò ìgboro mọ́ra, ó pín wọn sí ọgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ológbò inú ọgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀. Àwọn kan kú. Wọ́n yẹ gbogbo wọn wò fún FeLV, kò sí ẹyọ kan tó ní in.

Ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ Niels Pedersen àti Janet Yamamoto ní Yunifásítì California tó wà ní Davis. Wọ́n rí kòkòrò tuntun kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ológbò náà. Nínú 25 tí ara wọn kò yá, 10 ló ní in. Nínú 18 tí ara wọn le, ẹyọ 1 péré ni. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1987, wọ́n sì sọ ọ́ kedere níbẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí kankan pé kòkòrò yìí ń ran èèyàn. FIV tí Àṣàkẹ́ mi ní nìyẹn.

Ẹ ro ọdún tí a wà. Ní 1983 ni wọ́n rí kòkòrò HIV ní Paris. Ní 1986 ni wọ́n kéde àrùn AIDS ní Nàìjíríà, tí ìbẹ̀rù gba gbogbo ìlú kan, tí àwọn èèyàn ò fẹ́ bọ aláìsàn lọ́wọ́. Inú ìbẹ̀rù yẹn ni ìròyìn jáde pé ológbò náà ní AIDS tirẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan ti tó. Ẹni tó gbọ́ ọ ò dúró gbọ́ apá tó ní kò ràn wá.

Láìpẹ́, ohun àyẹ̀wò tó ń fúnni lésì lójú ẹsẹ̀ dé ọjà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ààbò ẹranko ní Amẹ́ríkà, bí ológbò bá wọlé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilà bá yọ, ó ti tán. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé obìnrin tó ṣí ilẹ̀kùn fún ológbò ìgboro ni ìwádìí náà tọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ológbò ìgboro náà ni wọ́n wá ń fi àyẹ̀wò yẹn pa.

Ohun tí wọn ò tíì mọ̀

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìmọ̀ pọ̀ sí i, ìdájọ́ náà sì ń mì.

Àkọ́kọ́, FIV kì í ràn bíi FeLV. Eyín ló sábà ń gbé e: kí ológbò gé òmíràn jẹ wọnú ẹran ara níbi ìjà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn akọ tí a ò tẹ̀ lọ́dàá, tí wọ́n ń jà káàkiri òru, ló máa ń ní in jù. Ẹ rántí etí Àṣàkẹ́. Àwọn tí wọn ò bá ara wọn jà lè gbé pọ̀. Ní 2014, Annette Litster gbé ìwádìí kan jáde: nínú ilé ààbò kan, ológbò 8 tó ní FIV gbé pọ̀ mọ́ àwọn tó lé ní 100 tí kò ní in, wọn ò sì kó o ràn wọ́n.

Èkejì, ìlà yẹn lè parọ́. Ohun tí àyẹ̀wò ń wá ni àmì pé ara ti bá kòkòrò náà jà, kì í ṣe kòkòrò náà gan-an. Ọmọ ológbò lè gba àmì yẹn lára ìyá rẹ̀ láìní àìsàn kankan, tó bá sì pé bí oṣù mẹ́fà, àmì náà á lọ. Èyí tó tún burú jù ni pé nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára FIV jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, ológbò tó bá gbà á náà máa ń yọ ilà. Ẹ̀yin ẹ wò ó: olówó rẹ̀ náwó láti dáàbò bò ó, tí ó bá wá sọnù, tí ilé ààbò kan mú un, abẹ́rẹ́ ààbò yẹn lè di ẹ̀sùn tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ pa á. Abẹ́rẹ́ náà kò sí lọ́jà Amẹ́ríkà mọ́.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ológbò tó ní FIV ń gbé ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà ńlá, bí wọ́n bá rí ìtọ́jú.

Ìmọ̀ yìí nílò ìlànà tí yóò gbé e ró. Ní 1994, ní San Francisco, ẹgbẹ́ SPCA tí Richard Avanzino ń darí bá ìjọba ìlú ṣe àdéhùn: ajá tàbí ológbò tí ara rẹ̀ le, tí ìwà rẹ̀ sì dára, wọn ò ní pa á mọ́, wọ́n á wá ilé fún un. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa: èyí tí ara rẹ̀ le, tí ìwà rẹ̀ dára. Ológbò onítìjú tó ní FIV ńkọ́?

Ní 2004, àwọn aṣáájú ilé ààbò káàkiri Amẹ́ríkà pàdé ní Asilomar, ní California, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín àwọn ẹran. Wọ́n dá àyè kan sílẹ̀ fún ẹran tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ, ṣùgbọ́n tó lè gbé ayé tó dára bí èèyàn bá ń tọ́jú rẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ìwé lásán, àmọ́ ìwé ni wọ́n fi ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ológbò ní Amẹ́ríkà náà là á mọ́lẹ̀ nínú ìlànà wọn pé kí a má ṣe torí èsì àyẹ̀wò nìkan pa ológbò.

Ẹ̀sùn kejì: kì í yọjú

Ó wá ku ti ìtìjú. Ní ilé ààbò, àwọn tó ń wá ológbò máa ń rìn kọjá níwájú àwọn àgò. Èyí tó bá ké "ńyáù" tó na ẹsẹ̀ jáde ni wọ́n ń mú. Èyí tó kẹ́yìn sí wọn, tó ká jọ síbi ìdí àgò, wọ́n á ní kò fẹ́ràn èèyàn. Bó bá sì ti dàgbà, ó di pé kò lè yí padà mọ́.

Ní àwọn ọdún 1980, Eileen Karsh ní Yunifásítì Temple, ní Philadelphia, fi ìwádìí hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọmọ ológbò ń mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni èèyàn. Èyí tí ọwọ́ èèyàn ò kàn lásìkò yẹn, ẹ̀rù èèyàn máa ń bà á. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ ń rí kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe àjẹ́. Ìgbà ọmọdé ẹnì kan lẹ̀ ń wò.

Ní 2014 náà, ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Utrecht mú ológbò 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ààbò. Wọ́n fún 10 ní àpótí tí wọ́n lè sá pamọ́ sí, wọn ò fún 9 yòókù. Àwọn tó ní àpótí tètè fara balẹ̀, ìpayà wọn sì dín kù ju ti àwọn yòókù lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àpótí lásán o! Ohun tí àwọn èèyàn ń kà sí àìsàn ìwà, pé ó ń sá pamọ́, òun gan-an ni oògùn rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe

Mo gbé páálí indomie kan, mo gé ilẹ̀kùn sí i lára, mo sì tẹ́ aṣọ àtijọ́ sínú rẹ̀. Mo fi í sí igun yàrá kan ṣoṣo, mo gbé oúnjẹ sí apá kan, mo gbé yanrìn ìgbọ̀nsẹ̀ sí apá kejì. Àkókò kan náà ni mò ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́. Mi ò fà á jáde rí. Mo máa ń jókòó sílẹ̀, màá máa tẹ fóònù mi, mi ò ní wò ó lójú. Nígbà tó bá wò mí, màá di ojú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá sì là á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex fi hàn pé ológbò máa ń fẹ́ sún mọ́ àlejò tó bá ṣẹ́jú sí i bẹ́ẹ̀ ju èyí tó kàn ń wò ó lọ.

Ti FIV kò le. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kì í jáde mọ́, kó má lọ jà, kó má kó o ran ẹlòmíràn, kí òun náà má kó àìsàn wálé. Kì í jẹ ẹran tútù, oúnjẹ rẹ̀ ti jiná. Dókítà ń wo ẹnu rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí eyín àti erìgì ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan, mi ò ní sọ pé kí a wò ó títí di ọ̀la. Owó ń lọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ti yọ nǹkan méjì kúrò nínú ohun tí mò ń fi owó oṣù ṣe. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò dẹ́ṣẹ̀. Kí ó wá ẹni tó lè ṣe é, kó má gbé e lọ sọ́jà bí èmi ṣe rò ó.

Ní oṣù kejì, NEPA mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń bínú. Ohun kan kan orúnkún mi. Mi ò mira. Ó jókòó síbẹ̀ títí iná fi dé, iná dé tán, ó sá padà sínú páálí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí iná bá ti lọ báyìí, mo máa ń retí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi tún pè. Wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ìlera. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ológbò yẹn ńkọ́? Ṣé ó jẹun?" Mo ní, "Ó jẹun, mà." Wọ́n ní kí lorúkọ rẹ̀ ná. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo mọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn ṣá: ẹni tí a ṣà láti kẹ́.

Ó tán lónìí. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń japa, tí ológbò rẹ̀ ò tíì ríbi lọ, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.